Ta Ni Ó Ni Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Náà?

Ó ti pẹ́ tí àwa tí à ń ṣe lámèyítọ́ ti ń yẹ eré orí tẹlifíṣọ̀n wò. A máa ń wo àhunpọ̀ ìtàn, ìfìwàwẹ̀dá, ìlò èdè àti ọgbọ́n tí àwọn òṣèré ń dá. Ohun tí a kì í sábà wò ni ẹ̀rọ tí ó gbé eré náà dé ọ̀dọ̀ wa. A gbà pé ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni ìyẹn. Èrò tèmi yàtọ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé, a kò lè fojú fo ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde, iye tí wọ́n ń tà á àti ibi tí a ti lè rí i rà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n rí. Nínú àròkọ yìí, àpótí kékeré tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní dìkódà, ni mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá ra tẹlifíṣọ̀n mọ̀ pé ohun tí ó pé ni òun rà. Yóò so ó mọ́ iná, yóò gbé áńtẹ́nà rẹ̀ sókè òrùlé, yóò yí bọ́tìnnì, àwòrán yóò sì dé. Yàtọ̀ sí owó láísẹ́ǹsì tí ìjọba ìbílẹ̀ lè wá béèrè nílẹ̀ wa, kò sí ẹni tí ó ń gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó ríran. Bí ó bá gbé e láti pálọ̀ lọ sí yàrá, yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá fi ta ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ, yóò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ onítọ̀hún pẹ̀lú. Ohun ìní ni, bí àga àti ibùsùn. Láyé òde òní, ènìyàn lè ra tẹlifíṣọ̀n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ògiri kan tán, kí ó má sì rí nǹkan kan wò lórí rẹ̀ títí dìkódà yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Dìkódà náà kò sì ní sọ̀rọ̀ bí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín kò bá fún un láṣẹ. Báwo ni a ṣe dé ibẹ̀? Ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ ni pé ayé ti di ayé díjítà. Ìdáhùn yẹn kò pé, ohun tí ó sì fi sílẹ̀ láìsọ ni ó ṣe pàtàkì jù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ní ọ̀nà àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní ánálọ́ọ̀gù, ìgbì tí ń gba afẹ́fẹ́ tàbí inú wáyà kọjá máa ń ga, a sì máa lọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn inú àwòrán náà ti ń yí padà. Ní ọ̀nà díjítà, wọ́n á kọ́kọ́ sọ àwòrán àti ohùn di òǹkà, òdo àti oókan lásán. Wọ́n á fún un pọ̀ kí ó lè kéré. Ẹ̀rọ tí ó wà nílé yóò wá tú u sílẹ̀ padà. Ìyàtọ̀ méjì ni èyí mú wá. Èkíní ni ti àyè. Ní Amẹ́ríkà, ìkànnì ánálọ́ọ̀gù kan ń gba àyè megahertz 6. Nínú àyè kan náà, ilé-iṣẹ́ kébù lè kó nǹkan bí ìkànnì díjítà mẹ́wàá sí, tàbí méjì sí mẹ́ta bí ó bá jẹ́ irú èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ rekete, tí wọ́n ń pè ní HD. Èkejì ni bí àwòrán ṣe ń bàjẹ́. Bí agbára ìgbì ánálọ́ọ̀gù bá dínkù, àwòrán á máa ṣe wínníwínní bí ẹni pé òjò ń rọ̀ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n a ó ṣì mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ánálọ́ọ̀gù mọ òwe yìí. Díjítà kò mọ̀ ọ́n. Àwòrán rẹ̀ á mọ́ kedere títí agbára ìgbì yóò fi lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Bí ó bá rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwòrán á gé sí wẹ́wẹ́, á sì parẹ́ pátápátá.

Orílẹ̀-èdè tí a ti lè rí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa ni Amẹ́ríkà, nítorí pé níbẹ̀ ni kébù ti gbilẹ̀ wọ inú ilé olówó àti ti mẹ̀kúnnù. Kébù gidi ni mo ń sọ, wáyà tí ń gba abẹ́ ilẹ̀ tàbí orí òpó wọ inú ilé. Ní ayé ánálọ́ọ̀gù, onílé tí ń san owó oṣooṣù lè pín wáyà kan ṣoṣo náà sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin: ọ̀kan fún pálọ̀, ọ̀kan fún yàrá àwọn ọmọ, ọ̀kan fún tẹlifíṣọ̀n kékeré inú ilé ìdáná, níbi tí ìyá ilé ti ń gbọ́ ìròyìn bí ó ti ń gé àlùbọ́sà. Àfi bí ènìyàn bá fẹ́ àwọn ìkànnì olówó gọbọi, kò sí ohun tí ó fẹ́ fi dìkódà ṣe. Tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ni ó ń mú ìkànnì.

Láti bíi 2009, Comcast, tí ó tóbi jù nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ̀pọ̀ ìkànnì ánálọ́ọ̀gù rẹ̀ kúrò, láti ìlú kan dé òmíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe bákan náà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro mọ̀: àyè tí ánálọ́ọ̀gù bá fi sílẹ̀ yóò gba ìkànnì HD àti íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yára. Àwọn oníbàárà wá gbọ́ pé tẹlifíṣọ̀n tí kò bá ní àpótí kò ní rí àwọn ìkànnì náà mọ́. Wọ́n fún wọn ní àpótí kékeré kan tí ń gba díjítà láti ẹnu wáyà, tí ń sọ ọ́ di ánálọ́ọ̀gù padà, tí ó sì ń gbé e fún tẹlifíṣọ̀n lórí ìkànnì 3 tàbí 4. Ẹ kíyè sí ohun tí èyí sọ tẹlifíṣọ̀n dà. Láti ọjọ́ náà lọ, ìkànnì kan ṣoṣo ni ó mọ̀. Ẹni tí ó bá fi rìmóòtù àtijọ́ yí i kúrò lórí 3 kò ní rí nǹkan kan, ó sì lè rò pé ó ti bàjẹ́. Rìmóòtù di méjì lórí tábìlì kan. Ẹ̀rọ fídíò tí ó máa ń gba ètò kan sílẹ̀ nígbà tí a ń wo òmíràn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ lára àpótí kan, nítorí pé ìkànnì kan péré ni àpótí ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n fi àpótí kan tàbí méjì ṣe ọ̀fẹ́. Nígbà tí ó yá, owó oṣooṣù gun orí rẹ̀. Àpótí náà kò sì di ti onílé. Ti ilé-iṣẹ́ ni. Bí onílé bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó gbọ́dọ̀ dá a padà.

Títí dé ibi tí a dé yìí, ènìyàn lè sọ pé ìnira lásán ni, ìnira kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ó ju èje lọ. Ọ̀tọ̀ ni kí a sọ àwòrán di òǹkà, ọ̀tọ̀ ni kí a ti òǹkà náà mọ́lé. Ẹ jẹ́ kí n pe èkíní ní ìsọdòǹkà, kí n sì pe èkejì ní ìtìpa, nítorí pé ibi tí a ti ń da àwọn méjèèjì pọ̀ ni a ti ń ṣìnà. Ìsọdòǹkà lè wà láìsí ìtìpa. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìkànnì orí afẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà kan náà. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 2009, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá tí ń gba orí afẹ́fẹ́ pa ánálọ́ọ̀gù tì. Ìjọba ti ṣètò ìwé ìdínwó dọ́là 40, méjì fún ilé kọ̀ọ̀kan tí ó bá béèrè, láti fi ra àpótí. Onílé lọ sí ọjà, ó ra èyí tí ó wù ú, ó so ó mọ́ áńtẹ́nà, ọ̀rọ̀ parí. Àpótí di tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè jókòó síbì kan kí ó ti ibẹ̀ pa á. Díjítà ni, kò sì ní àgádágodo.

Ti kébù kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹta ọdún 2007 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé gbogbo tẹlifíṣọ̀n tuntun gbọ́dọ̀ ní ohun tí ó lè gba díjítà nínú ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè ka díjítà inú wáyà kébù pẹ̀lú, níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí ìtìpa lórí rẹ̀. Òfin sì ti kọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ kébù láti ti àwọn ìkànnì ìpìlẹ̀ pa, ìyẹn àwọn tí ó wà nínú owó tí ó kéré jù, tí àwọn ìkànnì àdúgbò wà lára wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó ra tẹlifíṣọ̀n tuntun lè so wáyà mọ́ ọn lẹ́yìn ìyípadà, kí ó sì máa wo àwọn ìkànnì ìpìlẹ̀ láìsí àpótí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, FCC, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ náà, gbà pé kí ilé-iṣẹ́ tí ó bá ti di díjítà pátápátá ti ilẹ̀kùn yìí. Wọ́n ṣe ìrọ̀rùn díẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Ẹni tí ń san ti ìpìlẹ̀ nìkan yóò gba àpótí méjì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún méjì. Bí ó bá wà lára àwọn tálákà tí ń gba ìtọ́jú lábẹ́ ètò Medicaid, yóò gbà á fún ọdún márùn-ún. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù máa san. Ẹ wò ó dáadáa: tẹlifíṣọ̀n tí ó ní ojú ni a di aṣọ mọ́ lójú, a sì wá ń yá ẹni tí ó ni ín ní ojú mìíràn.

N kò fẹ́ fi ẹ̀tọ́ du àwọn ilé-iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn kan ń fa wáyà wò láìsanwó, òótọ́ sì ni. Wọ́n ní bí ìkànnì bá wà ní títì, a lè ti ọ́fíìsì ṣí i fún oníbàárà tuntun, a sì lè pa á fún ẹni tí ó kó kúrò, láìrán òṣìṣẹ́ àti ọkọ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà onílé. Àjọ náà gba àwíjàre yìí yẹ̀ wò, ó sì rí i pé ó mọ́gbọ́n dání. Èmi náà kò sọ pé òmùgọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìfẹ́ ilé-iṣẹ́ àti ìrọ̀rùn rẹ̀ ni, kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fi dandan lé. Òfin ni ó ṣí ilẹ̀kùn tẹ́lẹ̀, òfin náà ni ó sì gbà kí a tì í. Ohun tí ará ìlú gbọ́ ni díjítà. Ohun tí ó kàn án lára ni àgádágodo.

Kí òǹkàwé má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni gbogbo èyí. Àpótí tí ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ètò rédíò tí ń gba inú wáyà ní Èkó, tí ó sì ń gbé ohùn BBC wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Ìbàdàn rí tirẹ̀ gbà ní 1939. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò san owó, wọ́n á fa wáyà wọ ilé rẹ̀, wọ́n á sì gbé àpótí kan fún un. Àpótí náà kò lè wá ibùdó mìíràn kiri. Ohun tí olú ilé-iṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ ni yóò sọ. Àwọn baba wa, tí wọn kì í fi orúkọ ṣeré, gbọ́ ohun tí ń sọ̀rọ̀ tí kò sì ṣeé dá lóhùn, wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. A ti lo orúkọ náà títí a kò fi gbọ́ ohun tí ó ń sọ mọ́. Lójú tèmi, lámèyítọ́ ni orúkọ yẹn, gbólóhùn kan tí ó sọ irú àjọṣe tí ó wà láàárín ẹni tí ó ni àpótí àti ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀. Ní ọdún pípẹ́ kí kébù Amẹ́ríkà tó di díjítà, ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo ti sọ èyí tí ó tóbi jù nínú ohun tí mo ń wí.

Nígbà tí Western Nigeria Television, WNTV, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àti ilé-iṣẹ́ Overseas Rediffusion ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n yìí gba orí afẹ́fẹ́, kò gba inú wáyà. Ẹni tí kò ní tirẹ̀ lè dúró lójú fèrèsé ẹni tí ó ní, kí ó sì wo ohun tí onílé ń wò. Ọ̀nà ọ̀fẹ́ yìí ni Aláwàdà Moses Ọláìyá, Bódé Wásinmi ti Dúró Ládiípọ̀ àti Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí gbà dé àárín ilé wa. Ẹ̀dá-ìtàn wọn ń jà, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń parí ìjà, wọ́n sì ń pa òwe bí ó ti yẹ kí a pa á, láìbéèrè bóyá ẹni tí ń wò wọ́n ti san owó oṣù. Ọmọ olówó àti ọmọ alágbàṣe jọ gbọ́ ẹ̀fẹ̀ kan náà ní alẹ́ kan náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jọ ń sọ ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Èdè máa ń fẹ́ irú àjọgbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyípadà tiwa ti pẹ́ lójú ọ̀nà. Ní 2006, ní ìlú Geneva, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí bí ánálọ́ọ̀gù orí afẹ́fẹ́ yóò ṣe kásẹ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, ọdún 2015 ni wọ́n dá. Ọjọ́ náà dé, Nàìjíríà kò tíì múra tán. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 2016 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní Jos. Àbújá tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Ìlọrin àti Òṣogbo wà lára àwọn ìlú tí ó kàn lẹ́yìn wọn. Ó dé Èkó ní ọjọ́ 29, oṣù kẹrin, ọdún 2021. FreeTV ni wọ́n pe ètò náà, àwọn ìkànnì rẹ̀ kò sì ní owó oṣooṣù bí ti àwọn oníṣòwò. Ìsọdòǹkà láìsí owó oṣù: èyí ni ó yẹ kí ará ìlú kọ́kọ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, àwọn oníṣòwò ti ṣáájú. StarTimes ti wọlé ní 2010, GOtv ní 2011, dìkódà onísanwó sì ti kọ́ wa ní ìtumọ̀ díjítà. Ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí kọ́ ni pé díjítà ni ohun tí a ń san owó fún.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí àsansílẹ̀ bá tán, tí ojú tẹlifíṣọ̀n sì di aláìláwòrán, ohun tí a máa ń sọ ni pé ‘wọ́n ti gé e’. Wọ́n wo? Arọ́pò-orúkọ ẹni kẹta ọ̀pọ̀ yìí kò tọ́ka sí orúkọ kankan tí ó ṣáájú rẹ̀. Irú rẹ̀ kan náà ni a ń lò fún iná mọ̀nàmọ́ná: wọ́n mú un wá, wọ́n mú un lọ. Yorùbá máa ń fi wọ́n yìí bo ẹni tí a kò mọ̀ tàbí ẹni tí a kò fẹ́ dárúkọ. Nínú ọ̀rọ̀ iná àti ti dìkódà, agbára tí kò ní ojú ni ó ń tọ́ka sí, agbára tí ó lè wọ inú ilé ẹni kí ó sì pa ohun tí ẹni fi owó ara rẹ̀ rà. Kò sí ẹni tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa áńtẹ́nà. Nígbà tí àwòrán ánálọ́ọ̀gù bá bàjẹ́, a máa ń ní kí ọmọ kan jáde lọ yí òpó náà sọ́tùn-ún, sósì, kí a sì máa ké sí i láti inú ilé pé ó tó, ó tó. Ọwọ́ wa ni àtúnṣe wà nígbà náà.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé àpótí onísanwó kò ṣe èdè Yorùbá ní oore kankan ni? Ó ṣe é. Ní 2010 ni Africa Magic Yoruba bẹ̀rẹ̀, odidi ìkànnì kan fún fíìmù Yorùbá. Kò rọrùn láti rí irú àyè bẹ́ẹ̀ ní ayé ánálọ́ọ̀gù, nígbà tí ibùdó kan ní ìkànnì kan, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń gba èyí tí ó pọ̀ nínú wákàtí rẹ̀. Àwọn òṣèré wa rí iṣẹ́, àwọn Yorùbá tí ó jìnnà sílé rí èdè wọn gbọ́. Ẹni tí ó bá fojú tẹ́ńbẹ́lú èyí kò ṣe òtítọ́. Síbẹ̀, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èdè kì í gbé nínú fíìmù nìkan. Ó ń gbé nínú ìròyìn, nínú àríyànjiyàn lórí owó ìlú, nínú ètò ọmọdé, nínú àlàyé tí dókítà ń ṣe lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí a bá fi fíìmù sẹ́yìn àgádágodo ní Yorùbá, tí a sì fi ìyókù sórí afẹ́fẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, a ti sọ Yorùbá di èdè fàájì fún ẹni tí ó lówó. Ìyá àgbà tí ó ní èdè náà lẹ́nu jù gbogbo wa lọ, tí owó rẹ̀ kò sì tó àsansílẹ̀, kò ní ipò nínú ètò yìí rárá.

N kò ní kí a padà sí ánálọ́ọ̀gù. Àyè tí díjítà mú wá pọ̀, ó sì yẹ kí a lò ó. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí díẹ̀ nínú àyè yẹn jẹ́ ti èdè ilẹ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkànnì kan tí kò ní ìtìpa, tí ó ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ dé alẹ́, tí ó sì ní ìròyìn àti ètò ọmọdé nínú, kò ju agbára àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa lọ bí wọ́n bá pa owó pọ̀. Ní 1959, ìjọba agbègbè kan ṣoṣo ṣe ohun tí ó ṣòro ju èyí lọ.

Iṣẹ́ kan sì wà tí ó jẹ́ ti àwa olùkọ́ èdè. Àwọn baba wa fún àpótí ayé wọn ní orúkọ tí ó sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Àpótí ayé tiwa, orúkọ tí oníṣòwò fún un ni a gbà wọlé, a sì gba ìtumọ̀ oníṣòwò mọ́ ọn. Bí ìsọdòǹkà àti ìtìpa kò bá dùn lẹ́tí, kí ẹlòmíràn wá èyí tí ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ méjì. Nígbà tí ẹni tí ń ta àpótí bá dé ẹnu ọ̀nà, onílé yóò lè bi í pé èwo ni ó gbé wá nínú méjèèjì. Bí onítọ̀hún bá dáhùn pé ọ̀kan náà ni wọ́n, kí onílé ní kí ó jókòó, kí ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.